Orúkọ Ẹnu Ọ̀nà

Ìró irin ni Ràhámátù kọ́kọ́ gbọ́ kó tó fojú kan ọkùnrin náà. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò balẹ̀: ẹ má pariwo, ẹ má sáré, ẹ má fọwọ́ kàn án láìtọrọ àyè. Irin ń dún bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Ọkùnrin gíga kan ló dúró síbẹ̀, ó dúdú mìnìjọ̀, bùbá funfun báláú lọ́rùn rẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó sì ká ìyókù ẹ̀wọ̀n náà mọ́wọ́ bí obìnrin tó gbé báàgì lọ síbi ìkómọ.

"Ẹ kú ìjókòó o," ó ní.

Yéè! Ibi tí ẹ̀kọ́ ti gba ojú fèrèsé jáde nìyẹn. Àwọn tó wá kọ́ bí a ti ń tọ́jú alárùn ọpọlọ ni wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ wọ̀nyẹn. Herbert, ọ̀gá kẹ́míìsì kan láti Òkè-Ìlewó, sanra ju fèrèsé lọ, ó há. Iwájú rẹ̀ ti sá lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà ní kíláàsì.

Ràhámátù nìkan ló dúró. Kì í ṣe pé àyà rẹ̀ kò já o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ni Nọ́ọ̀sì Ràhámátù. Ṣé mo lè sún mọ́ yín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi. Gbogbo ọlọ́kadà Òṣíẹ̀lẹ̀ ló sá fún mi láàárọ̀ yìí."

"Ta ló dè yín?"

"Bàbá mi ni."

"Kí lẹ ṣe?"

"Mo ní mo fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín."

Ṣàngódélé lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Fálúyì àgbà, ló ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní abúlé kan lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló sì fi ń mú wọn jókòó. Nígbà tí ọmọ ní òun ń lọ kọ́ ọ̀nà mìíràn ní ilé ìwòsàn, baba kò bá a jà. Ó kàn fi irin sí i lẹ́sẹ̀, ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. "Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ni kó bá ọ tú u. Má sì padà síbí títí wàá fi mọ̀ ọ́n tán."

Ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bá forí lé Kuto lọ́dọ̀ wẹ́dà tó ń fi iná jó irin. Wẹ́dà wo ẹsẹ̀, ó wo ojú, ó fà sẹ́yìn. "Ṣé kò ní gbá mi létí tí mo bá tú u sílẹ̀?"

"Tẹ́ ẹ bá fi iná jó mi lẹ́sẹ̀," ni Ṣàngódélé dáhùn, "etí yín ò ní pẹ́ gbọ́ ọ."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ràhámátù, ó ya òun alára lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti wọ ilé rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Kí ló fà á? Zàíd ni, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Kọ́lórádò, ewé tí wọ́n fi oògùn pa, ni ọmọ náà kọ́kọ́ ń fà, ó kúrò níbẹ̀ bọ́ sórí oògùn ìrora tírámádọ́ọ̀lù, títí ó fi ń bá ògiri jà. Ọjọ́ kejì tí Ṣàngódélé dé kíláàsì ni wọn kò rí i mọ́. Ìyá wọn, Àlàájà Bùsírátù tó ń ta aṣọ ní Ìtòkú, ní ọmọ náà ti lọ ṣòwò ní Kùtọnu. Fóònù rẹ̀ kò wọlé, gbogbo bàtà rẹ̀ sì wà nílé. Ta ló ń lọ ṣòwò láìwọ bàtà?

Ní ibi iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń fò lọ bí ẹyẹ tó gbọ́ ìró ìbọn. Beatrice lọ London, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e, wọ́n sì ti ti wọ́ọ̀dù kan pa: bẹ́ẹ̀dì wà ńlẹ̀, ẹni tí yóò dúró tì í ni kò sí. Ìdí rèé tí ilé ìwòsàn fi ń kọ́ àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀bù oògùn, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko àti àwọn ọmọ ilé ìtọ́jú ìbílẹ̀, kí ọwọ́ lè pọ̀ sí i. Ràhámátù fúnra rẹ̀ ti gba iṣẹ́ nílùú ọba. Zàíd nìkan ló dá a dúró. Bó bá rí i lónìí, yóò fà á lé ìyá wọn lọ́wọ́, yóò sì wọkọ̀ òfuurufú.

Ó sọ ọ́ fún Ṣàngódélé lábẹ́ afárá Láfẹ́nwá, níbi tí wọ́n ti máa ń lọ bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu oògùn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Ọkùnrin náà ní ẹ̀bùn kan tí ìwé kò kọ́ni. Ó máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì wọ́n nínú ẹrẹ̀, láìsọ nǹkan kan, títí tí ẹni náà yóò fi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí," ó ní. Ó wò ó pẹ́. "Ó fi imú jọ yín. Màá pe bàbá mi lórí fóònù, bóyá wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tí mo kúrò."

Ó pè é lójú Ràhámátù. Ohùn baba jáde, ó gbẹ bí ewé tábà: "Mi ò ní Zàíd kankan nílé mi."

"Kò sí níbẹ̀," ni Ṣàngódélé wí. Ọkàn Ràhámátù sì kúrò ní Òṣíẹ̀lẹ̀.

Wọ́n wá Zàíd dé Kọ́bapẹ́. Wọ́n wá a ní gáréèjì, wọ́n wá a ní mọ́ṣúárì. Ibi ìwákúwàá yẹn ni ìfẹ́ ti ká wọn mọ́, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. "Ẹ" di "ìwọ". Ṣàngódélé máa ń ra ọ̀jọ̀jọ̀ fún un, Ràhámátù á ní òun kò jẹ ẹ́, á sì jẹ ẹ́ tán.

"Bí a bá rí i ńkọ́?" ni Ṣàngódélé bi í lọ́jọ́ kan.

"Màá lọ."

"Áà. Ẹ wá wo òmùgọ̀ èèyàn! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń bá ìyàwó mi wá ọkọ̀ òfuurufú."

"Ìyàwó ta ni?"

"Mo ṣì í sọ ni."

"O ò ṣì í sọ," ni Ràhámátù wí, ó sì yí ojú sí odò, kó má baà rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Ràhámátù mú un lọ kí ìyá rẹ̀. Ṣàngódélé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kí lorúkọ rẹ?"

"Ṣàngódélé, mà. Fálúyì tó wà lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀ ni bàbá mi."

Ojú Àlàájà funfun bí ẹ̀kọ. "Jáde nílé mi! Ràhámátù, bí mo bá tún rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eléyìí, mo kọ̀ ọ́ lọ́mọ!"

Ràhámátù rò pé nítorí Ṣàngó ni. Gbogbo àdúgbò ló rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ sópin, Fálúyì ránṣẹ́ pé kí ọmọ òun wá fi ohun tó kọ́ han òun. Ṣàngódélé lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Kí oòrùn tó kanrí, ó ti padà dé ilé ìwòsàn, ó gbé ọkùnrin kan pọ̀n bí ìyá ọmọ. Òórùn egbò tí irin dá sí ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀ ṣáájú wọn wọlé. Ràhámátù wọ ìbọ̀wọ́, ó ṣí aṣọ lójú aláìsàn.

Zàíd ni.

"Níbo lo ti rí i?"

Herbert, tó ti di alábàáṣiṣẹ́ gidi ní wọ́ọ̀dù, ta Ṣàngódélé ní ìgbúnwọ́. "Sọ pé Kuto," ó rọra ń sọ sí i létí, "jọ̀ọ́, arákùnrin, sọ pé Kuto ni!"

Irọ́ kékeré yẹn ì bá gba ìfẹ́ wọn là. Ṣàngódélé gbé ojú sókè.

"Ilé wa ni."

"O ní kò sí níbẹ̀!"

"Mo ní kò sí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbé wá sílé wa, orúkọ tuntun la máa ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kí ìtìjú má baà tẹ̀lé ìdílé rẹ̀ délé. Bàbá mi kì í béèrè orúkọ tó gbé wá láti ilé. Sùúrù ni wọ́n ń pè é. Mo mọ àṣà náà láti kékeré, Ràhámátù, mi ò sì rántí. Orúkọ ni mo béèrè. Mi ò béèrè èèyàn."

Olùkọ́ tó ní kí wọ́n má pariwo ló wá ń pariwo yìí. Ó ní kó lọ. Ó ní òun kò fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Ṣàngódélé lọ títí dé gééètì, ó sì padà, nítorí wọ́ọ̀dù tó kún bámúbámú kò ní ju nọ́ọ̀sì kan lọ, nọ́ọ̀sì náà sì ni Ràhámátù. Ó gbé àga sí apá kejì bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ara Zàíd bá ń gbọ̀n, á dì í mú jẹ́jẹ́. Nígbà tó bá bì, á nù ún. Kò bá Ràhámátù sọ̀rọ̀, kò sì wojú rẹ̀. Iṣẹ́ tí olùkọ́ rẹ̀ kọ́ ọ ló ń ṣe, ó ń ṣe é láìsí àṣìṣe, ìyẹn gan-an ló sì ń pa olùkọ́ náà lẹ́kún.

Àlàájà dé. Ó rí ọmọ rẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́.

"Èmi ni mo gbé e lọ," ó ní. "Èmi ni. Wọ́n ní bó bá dé ilé ìwòsàn, gbogbo Abẹ́òkúta ló máa mọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa fẹ́ ìwọ mọ́."

Ràhámátù tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ egbò Zàíd.

Ara Zàíd bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó la ojú, ó ní òun fẹ́ jẹ dùndú. Dùndú! Gbogbo wọ́ọ̀dù hó yèè. Herbert sáré lọ rà á, ó sáré padà, òógùn bò ó. Zàíd jẹ ẹ̀la kan, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Ọkùnrin yìí ń wò ọ́ tó o bá ti kọ̀yìn sí i." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sùn.

Kò jí. Egbò ẹsẹ̀ ti di májèlé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti pẹ́ jù kí oògùn tó bá a.

Lọ́jọ́ àdúà fìdáù, Fálúyì àgbà àti ọmọ rẹ̀ wọ agbo ilé Àlàájà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò dìde. Arúgbó náà kò wo ẹnì kankan. Ó lọ tààrà síwájú Àlàájà, ó sì dọ̀bálẹ̀, irùngbọ̀n funfun nínú iyanrìn.

"Ẹ dìde, Bàbá," ni Àlàájà wí. "Èmi ni mo mú un wá."

"Èmi ni mo gbà á." Ó dìde jókòó. "Ọmọ mi ní kí n kó irin jùnù. Mo gbọ́. Àmọ́ àwọn kan ṣì wà nílé mi lónìí, ìdílé wọn kò padà wá wò wọ́n. Irin yẹn ni nọ́ọ̀sì mi. Kì í sùn, kì í sì í béèrè físà. Bí mo bá jù ú nù, ta ni yóò dúró tì wọ́n?"

Ṣàngódélé kọjú sí Ràhámátù, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn. "Èmi màá dúró tì wọ́n. Ìwọ, máa lọ. Kò sóhun tó dá ọ dúró mọ́. Mo wá dágbére ni."

Ràhámátù wò ó. Zàíd ti lọ, ọ̀nà sì ṣí gbayawu, bó ṣe ní òun fẹ́ ẹ. Ó wo arúgbó, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo àwọn ọ̀dọ́ tó di ìkúùkù.

"Ẹ kú wàhálà," ó ní. "Ẹ ti tọrọ àforíjì. Ẹ ti dágbére. Ẹ wá rìn láti Òṣíẹ̀lẹ̀ dé ibí, kò sì sẹ́nì kankan nínú yín tó máa tọrọ èmi?"

Alùfáà tó ń ka àdúà ṣi ìlà kà. Àlàájà ya ẹnu: "Háà! Ní ibi fìdáù! Ẹ bá mi wo ọmọ aláìnítìjú!" Ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu, ẹkún sì gbé e mì kó tó parí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ọ̀kan kò dúró de èkejì. Nígbà tó dákẹ́, ó ní, "Kò ní ṣe Mùsùlùmí?"

"Mi ò lè fẹnu lásán ṣe é, mà," ni Ṣàngódélé wí. "Irọ́ ni yóò jẹ́."

"Irọ́ tèmi ti pọ̀ tó," ni Àlàájà dáhùn. "Ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù."

Alùfáà kò wá. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá kan kò wá, wọn kò sì tíì wá títí di òní. Àlàájà wá, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀. Nígbà tí òǹtẹ̀ kọ́ọ̀tù sì dún lórí ìwé, Herbert bú sẹ́kún ju ìyá ìyàwó lọ, wọ́n ní kó jáde síta.

Ọ̀sán ọjọ́ kan náà, tọkọtaya ti wà ní ilé Fálúyì lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀, níbi tí èèyàn ti ń rọ́pò irin, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó ti àwọn aláìsàn láàárọ̀ gbọ́dọ̀ simi. Làálì ṣì tutù lọ́wọ́ Ràhámátù. Obìnrin àgbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń jókòó sí ìdí ògiri, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó wo aṣọ wọn.

"Ta ló kú tẹ́ ẹ fi múra báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó kú lónìí, Mama," ni Ràhámátù dáhùn. "A ṣègbéyàwó ni."

"Ẹ̀yin méjèèjì?"

"Àwa méjèèjì."

"Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

Ṣàngódélé bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àwa ló kàn, Mama."

Obìnrin náà fa ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àyè tó ṣófo náà mọ́ fún ìyàwó.