Ẹ̀rí Tí Kóòtù Kọ̀ Lẹ́nu Renty

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí kóòtù máa jókòó, Renty Mungin gbé ẹ̀wù dúdú tó fi ṣe ìgbéyàwó wọ̀. Ó wa ọkọ̀ àjẹ̀ gbé Sabina, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kọjá odò lọ sí ìlú. Ìgbà ìkórè òwú ni. Lójú omi ni wọ́n ti ń gbọ́ orin àwọn tó ń kórè ní erékùṣù tí wọ́n ń gbé, àwọn obìnrin ń lé, àwọn ọkùnrin ń gbè. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí oko ẹrú parí. Ilẹ̀ tí wọ́n ti na àwọn èèyàn wọ̀nyí ni wọ́n wá ń dáko tara wọn lé, ìrẹsì kún àbà wọn, aṣọ wọn a máa funfun lọ́jọ́ Ìsinmi. Ayé dáadáa ni, kì í ṣe ayé tó yẹ kéèyàn gbàgbé.

"Renty, ẹ̀wù yìí ń bá ikùn ẹ jà," Sabina sọ. "Má jẹ́ kí bọ́tìnnì já lu adájọ́ lójú o."

"Sista, ẹ fi mí sílẹ̀. Ṣé kì í ṣe ìrẹsì yín ló wà níkùn ọ̀hún ni?"

Sabina rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó di etí ọkọ̀ mú pinpin.

Ilẹ̀ ni wọ́n ń lọ jà fún. Cato ọkọ Sabina rà á lọ́wọ́ Tolliver àgbà, òyìnbó tó ni oko ẹrú náà tẹ́lẹ̀. Òwú ló fi san án, ìkórè lé ìkórè, títí ó fi san án tán. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lábẹ́ igi, wọn ò kọ ìwé. Ní báyìí, àwọn méjèèjì ti kú, ọmọ Tolliver sì ń sọ pé ńṣe ni Cato kàn yá ilẹ̀ náà dáko. Renty nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kó tó lanu ní kóòtù, lọ́yà ọmọ Tolliver ti dìde.

"Olúwa mi, ṣé ẹni yìí kọ́ ni wọ́n dá lẹ́bi olè ẹlẹ́dẹ̀ níbí?"

Òun ni. Ní erékùṣù, inú igbó ni ẹlẹ́dẹ̀ gbogbo ayé ń jẹ̀, ilà tí wọ́n gé sí i létí ni ẹni tó ni ín fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà Kérésì kan, Renty pa ọ̀kan tí ajá ti fa etí rẹ̀ ya, ó rò pé tòun ni. Òyìnbó onísọ́ọ̀bù kan ní tòun ni. Wọ́n mú Renty.

Bẹ́ẹ̀, inú ilé ìyìn ni wọ́n ti tọ́ Renty dàgbà, ilé àdúrà kékeré tí àwọn àgbà erékùṣù ti ń parí ìjà. Níbẹ̀, ẹni tó bá ti sọ pé òun jẹ̀bi, kódà kó jẹ́ nítorí àlàáfíà, wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á kọrin, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà ló ṣẹ̀. Renty rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni kóòtù rí. Òwú rẹ̀ ń ṣòfò lóko, ó fẹ́ lọ sílé. Ó ní, "Mo jẹ̀bi, ẹ foríjì mí," ó sì na ọwọ́ sí onísọ́ọ̀bù kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó lọ fi iṣẹ́ títì jìyà. Nígbà tó parí ẹ̀, àwọn ará ilé ìyìn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì kọrin.

"Ìwọ lo jẹ́wọ́ nígbà yẹn?" adájọ́ bi í.

"Èmi ni, olúwa mi. Ṣùgbọ́n a ti yanjú ẹ̀."

"Níbo?"

"Nílé ìyìn wa."

Ẹ̀rín tún sọ.

"Òfin ò gba ẹ̀rí lẹ́nu ẹni tó ti jalè. Sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú mi rí..."

"Mo ní kó o sọ̀ kalẹ̀!"

Lọ́yà tó ń bá Sabina ro ẹjọ́ sọ̀rọ̀ sí i létí. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ti foríjì mí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n tún máa sọ ọ́."

"Lábẹ́ òfin, gómìnà nìkan ló lè pa irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ẹjọ́ yìí ò sì ní dúró de gómìnà."

Kò dúró lóòótọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ ti di ti ọmọ Tolliver.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Renty purọ́ nígbà tó pe ara rẹ̀ ní olè, irọ́ ò sì dára nítorí àlàáfíà pàápàá. Ṣùgbọ́n òfin tó gba irọ́ lẹ́nu èèyàn, tó wá kọ òtítọ́ lẹ́nu ẹni kan náà, òfin burúkú ni.

Sabina kó wá sí àgbàlá Renty, kò sì bú u rí. Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn òyìnbó olówó láti ìhà àríwá ra ilẹ̀ Cato lọ́wọ́ ọmọ Tolliver, wọ́n sọ ọ́ di igbó tí wọ́n ti ń ṣọdẹ ṣeré. Irun Renty ti funfun tán kí lọ́yà ọjọ́sí tó mú ìdáríjì gómìnà wá.

"Bàbá Renty, ẹ lè jẹ́rìí ní kóòtù báyìí."

"Lórí kí ni?" Renty bi í.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Renty tọrọ àyè nílé ìyìn. Ó dìde, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè bíi ti kóòtù. Ó sọ ibi tí Cato dúró sí, ó sọ bí Tolliver àgbà ṣe bọ́ fìlà rẹ̀, tó ní, "Cato, ilẹ̀ ti di tìẹ." Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán pátá.

Sabina tí ojú rẹ̀ ò ríran mọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Jókòó, Renty. A ti gbọ́."