Ta Ló Fọwọ́ Kan Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé?

Iná pupa kékeré tó wà lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ṣẹ́jú, ìyá Adúmáadán sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ ọba. Ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ìka rẹ̀ sì wà lórí bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà.

"Mo ti pa á, mo ti tún un tàn," ó ń sọ fún ọmọbìnrin tó ń dáhùn ìpè ní iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà. "Mo ti gbé e sún mọ́ àpótí Wáì-fáì débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Kò gbà. Ó ní òun ò rí ọ̀nà wọlé."

Ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n tún pásíwọ́ọ̀dù Wáì-fáì ilé tẹ̀ sára ẹ̀rọ náà. Ìyá Adúmáadán ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń pè é sókè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń ka a-b-d. Ẹ̀rọ ké pí-ín, ó kọ̀ ọ́.

"Àbí ẹ ti yí pásíwọ́ọ̀dù yín padà ni, mà?"

"Ta ni yóò yí i padà? Kọ̀ǹpútà mi ń lò ó níbí, fóònù mi náà ń lò ó. Ẹ̀rọ yìí nìkan ló ya olóríkunkun láàárọ̀ yìí."

"A jẹ́ pé ẹnì kan ti tẹ nǹkan lára rẹ̀ tó da ètò inú rẹ̀ rú nìyẹn, mà."

Adúmáadán jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó ṣí ìwé ìṣirò sílẹ̀ níwájú. Ìdánwò àṣekágbá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ti ní kí àwọn tó fẹ́ ṣe é máa kàwé nílé. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó dẹ́kun ìṣirò tó ń ṣe. Nínú gbogbo ilé, òun nìkan ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni ò tẹ nǹkan kan. Òun ló yí pásíwọ́ọ̀dù Wáì-fáì padà lánàá.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Adúmáadán, tí ìyá àgbà rẹ̀ sọ ní orúkọ yẹn nítorí awọ ara rẹ̀ tó dúdú tó ń dán, kò ní ọ̀rẹ́ kankan ní ilé-ìwé. Bí àwọn yòókù bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń dúró sí. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Gbajúmọ̀ fà á lápá. "Ṣé lóòótọ́ ni pé Wáì-fáì wà nílé yín? Fún wa ní pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, kó o máa bá wa rìn jàre." Adúmáadán sọ ọ́ kí Gbajúmọ̀ tó pa ẹnu dé. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti jáde ilé-ìwé, Gbajúmọ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ á wá fẹ̀yìn ti ògiri ìta ilé wọn, fóònù lọ́wọ́, wọn á máa pè é ní "ọ̀rẹ́ wa àtàtà." Kò mọ̀ pé Gbajúmọ̀ ti pín pásíwọ́ọ̀dù náà káàkiri bí ẹni ń pín bisikíìtì. Dátà tó yẹ kó lo oṣù kan ń tán láàárín oṣù. Ìyá rẹ̀ ní òun máa pe ẹni tó bá àwọn so Wáì-fáì náà wá, kó wá wo àwọn tó ń fà á mu bí omi.

Ẹ̀rù ba Adúmáadán. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń wẹ̀, ó yí pásíwọ́ọ̀dù padà, ó sì tẹ tuntun sínú kọ̀ǹpútà àti fóònù ìyá rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó ti bo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ pátápátá. Kò rántí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, nítorí kò sẹ́ni tí í wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ àfi tí wọ́n bá fẹ́ rán an níṣẹ́.

Ìyá rẹ̀ ju fóònù sórí àga. "Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí?"

Kì í ṣe ìbéèrè eré. Iṣẹ́ títẹ ìwé fún àwọn ènìyàn ni ìyá náà fi ń gbọ́ bùkátà ilé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí. Agbẹjọ́rò kan ni oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù, ìwé tí agbẹjọ́rò náà máa gbé síwájú adájọ́ láàárọ̀ yẹn ló sì wà nínú kọ̀ǹpútà tí kò lè jáde. Wáyà tí wọn ì bá fi so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà ti sọnù láti ìgbà tí wọ́n kó wá sílé yìí.

Lẹ́nu ọ̀nà ni Màmá àgbà dúró sí, aṣọ ìnueruku lọ́wọ́. Òun ni ìyá tó bí ìyá Adúmáadán, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ń gbé. Gbogbo àárọ̀ ló máa ń nu eruku pálọ̀.

Ẹnu Adúmáadán ṣí kí ọkàn rẹ̀ tó fọwọ́ sí i. "Mo rí Màmá àgbà tí wọ́n ń nù ún. Bóyá ọwọ́ wọn ló ṣèèṣì kan nǹkan."

Màmá àgbà wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi kẹ̀? Orí rẹ̀ nìkan ni mo nù. N ò dé ibi bọ́tìnnì."

"Màámi, ẹ rántí dáadáa," ni ìyá Adúmáadán wí.

"Mo ní n ò…" Ìka rẹ̀ ń wá nǹkan kiri nínú afẹ́fẹ́. "Àbí mo débẹ̀? Ó lè jẹ́ pé mo débẹ̀ o. Ẹ má bínú."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣe é kó. Adúmáadán rí i bó ṣe fọ́, ó sì tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà, ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní oríta. Àwọn èèyàn ti tò síbẹ̀. Nígbà tó fi máa dé kóòtù, agbẹjọ́rò ti wọlé lọ́wọ́ òfo, adájọ́ sì ti sún ẹjọ́ síwájú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, agbẹjọ́rò kọ̀wé ránṣẹ́ pé òun ti rí ẹlòmíràn tí yóò máa bá òun tẹ̀wé. Ìyá Adúmáadán dojú fóònù dé, ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti Màmá àgbà ló burú jù. Ẹ jẹ́ ká sọ ẹni tí obìnrin yìí jẹ́. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ló ti ṣiṣẹ́, láyé ìgbà tó jẹ́ pé ènìyàn ló ń fọwọ́ so ìpè ẹnì kan mọ́ ti ẹlòmíràn. Orí rẹ̀ ni gbogbo nọ́ńbà ìlú wà. Kì í ṣí ìwé. Títí di ọjọ́ ogbó, bí àwọn aládùúgbò bá fẹ́ ṣeré, wọn á ní, "Màmá, nọ́ńbà ilé ìfìwéránṣẹ́ ńkọ́?" á sì kà á jáde wéré. Òun ló máa ń gbọ́ iṣẹ́ ilé-ìwé lẹ́nu Adúmáadán. Bí ọmọ bá fo ìlà kan, á ní, "Padà sẹ́yìn. O ti gbé ọ̀kan mì."

Láti ọjọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó gbé aṣọ ìnueruku kọ́, kò mú un mọ́. Bó bá tan gáàsì, á pa á, á tún pe ènìyàn: "Adúmáadán, wá bá mi wò ó, ṣé mo pa á?" Bó bá lo oògùn rẹ̀, á bèèrè bóyá òun ti lò ó. "Ẹ ti lò ó, Màmá." "Ó dá ọ lójú?" Nígbà tí Adúmáadán gbé ìwé wá pé kó bá òun gbọ́ ọ, ó mi orí. "Má bi mí mọ́, ọkọ mi. Kí n má lọ ṣì ọ́ lọ́nà."

Ìyá Adúmáadán gbé ẹ̀rọ lọ bá atúnṣe. Ó ṣiṣẹ́ geere nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ẹ̀rọ yín ò ní àrùn kankan," ni atúnṣe wí. "Ẹ lọ wádìí nílé." Wọ́n gbé e délé, ó tún kọ̀. Ta ni wọn ì bá sì wádìí lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí Màmá àgbà ti gbà pé òun ni?

Wọ́n gbé Màmá àgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Adúmáadán bá wọn lọ, òun ló gbé báàgì. Dókítà fi ohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè ọjọ́ tí òní jẹ́. Màmá àgbà mọ̀ ọ́n. Adúmáadán rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wo ojú ọmọ rẹ̀ ná, bí ẹni tó fẹ́ gbàṣẹ, ìdáhùn sì sá mọ́ ọn lẹ́nu. Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa ṣọ́ Màmá àgbà, kí wọ́n sì mú un padà wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Adúmáadán sọ gbogbo rẹ̀ fún Gbajúmọ̀ lẹ́bàá ògiri. Gbajúmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ló ń bà ọ́ nínú jẹ́? Arúgbó ni. Ta ló máa bá arúgbó jiyàn pé kò gbàgbé? Fún wa ní pásíwọ́ọ̀dù tuntun, jàre."

"Mi ò ní fún yín," ni Adúmáadán wí.

Àwọn yòókù ṣíwọ́ ẹ̀rín. Wọ́n wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ó dúró síbẹ̀. Ohun tí Gbajúmọ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà yẹn gan-an, ogbó Màmá àgbà, ni òun fi ń sápamọ́. Síbẹ̀, ó wọlé, kò sì jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin wa mọ́tò dé láti ìlú tó ń gbé. Àwọn méjèèjì ti fẹnu kò lórí fóònù: kí Màmá àgbà wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, níbi tí obìnrin kan yóò ti máa ṣọ́ ọ. Màmá àgbà, tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun yan aṣọ tí òun máa wọ̀, ti di ẹrù rẹ̀ láìjiyàn. Ó jókòó sí pálọ̀, báàgì lórí itan, bí ọmọ tí wọ́n ń mú lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Màámi, kì í ṣe pé a ń lé yín o," ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wí.

"Mo mọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí n má lọ dáná sun ilé mọ́ àwọn ọmọ yìí lórí."

Adúmáadán kò mọ ìgbà tó dìde. "Ẹ̀rọ yẹn ò bàjẹ́," ó wí.

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. "Kí lo sọ?"

"Màmá àgbà ò tẹ nǹkan kan. Èmi ni. Èmi ni mo yí pásíwọ́ọ̀dù padà."

Ó lọ síwájú ẹ̀rọ náà, ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù tuntun sí i. Iná pupa kú, àwọ̀ ewé tàn dípò rẹ̀, ó sì dúró. Lójijì ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ti há mọ́ra láti ọjọ́ náà ló ń jáde: ìwé agbẹjọ́rò, ojú ìwé kan lé òmíràn, funfun báláú, wọ́n ń já bọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀rẹ̀ mú wọn.

Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, Adúmáadán sọ ìyókù: Gbajúmọ̀, dátà, ohun gbogbo. Ìyá rẹ̀ ò gbọ́wọ́ sókè. "O jókòó sí tábìlì yẹn," ó wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ gan-an. "Mo gbé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. O bá wa lọ. O gbé báàgì wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì."

Wọ́n rò pé inú Màmá àgbà máa dùn. Ṣe ló ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "A jẹ́ pé orí ẹ̀rọ nìkan ni mo nù lóòótọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ nìyẹn." Omijé dé sójú rẹ̀. "Adúmáadán, irọ́ tó o pa kọ́ ló dùn mí jù. Àwọn ọmọdé máa ń purọ́ bí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Ṣùgbọ́n o mọ̀, o sì ń wò mí bí mo ṣe ń wá ara mi kiri nínú ilé yìí."

Adúmáadán kúnlẹ̀. Ó pẹ́ kí Màmá àgbà tó gbé ọwọ́ lé e lórí.

Mọ́tò ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ padà láìgbé Màmá àgbà. Lọ́jọ́ Ajé, ìyá Adúmáadán ní kó wọ aṣọ ilé-ìwé, kó lọ sọ ọ́ fún agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀. Agbẹjọ́rò gbọ́ ọ títí dé òpin, ó yọ awò ojú rẹ̀. "O ṣeun tó o wá. Ẹni tí mo gbé iṣẹ́ fún ò ṣẹ̀ mí, n ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìwọ náà mọ̀: ẹni tí mò ń gbẹjọ́ rẹ̀ rò lọ́jọ́ náà, wọn ì bá ti dá a sílẹ̀. Ó ṣì wà látìmọ́lé títí di ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí." Adúmáadán ò mọ ẹni náà. Kò tíì rí i rí láyé. Irọ́ tó pa mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ju òun lọ.

Ó ṣe ìdánwò rẹ̀, òun nìkan ló dá ìwé rẹ̀ kà. Nílé, díẹ̀díẹ̀, Màmá àgbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu eruku. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ìdánwò ti parí, ó jókòó lójú fèrèsé, ó sì pe Adúmáadán ní orúkọ ẹlòmíràn, orúkọ ọmọ tirẹ̀ tó ti kú tipẹ́, àbúrò ìyá Adúmáadán. Ìyá rẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń tẹ̀wé. Adúmáadán dúró sójú kan. Ó lè jẹ́ ọjọ́ ogbó. Ó lè jẹ́ àṣìpè lásán, irú èyí tí gbogbo ìyá máa ń ṣe. Ó sì lè jẹ́ pé ìbẹ̀rù tí òun gbìn sínú orí yẹn ò tíì tán. Kò sí dókítà tó lè sọ èyí tó jẹ́ fún un.

"Mà," ó dáhùn, ó sì lọ jókòó tì í.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbọ́, ẹ wo bí ohun kékeré ṣe di ńlá. Ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kó tó bá yín rìn, ọjà ni, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tí wàhálà rẹ̀ kò tíì kọjá orí tiyín. Ẹ má ṣe gbé e ka orí ẹni tí kò lè gbèjà ara rẹ̀, nítorí pé òtítọ́ tó pẹ́ kó tó dé lè tún ẹ̀rọ ṣe lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn ènìyàn kì í gba àtúnṣe bẹ́ẹ̀.