Lẹ́tà Mọ́kànlá Nínú Ìdọ̀tí

"Òmíràn tún dé!" Hasanat pòṣé. "'Àdúrà Òwúrọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá.' Bàbá Ìsẹ́yìn yìí ò níṣẹ́ mìíràn ni?"

Inú ṣọ́ọ̀bù tí Ràímì, bàbá rẹ̀, ti ń ta táyà ọkọ̀ ní Vai Town, nílẹ̀ òkèèrè, ló jókòó sí. Bó bá ti ilé ìwé dé, òun ló ń ka ímeèlì ṣọ́ọ̀bù, tí ó sì ń pa ìdọ̀tí inú rẹ̀ rẹ́. Ìdọ̀tí ọ̀hún kò lóǹkà. Lójoojúmọ́ ni àwọn tí Ràímì kò mọ̀ rí ń kọ̀wé pé ó ti jẹ tẹ́tẹ́, ẹni tí kò ta tẹ́tẹ́ rí láyé rẹ̀! Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni Ràímì ṣe fún ọmọ rẹ̀: "Ti ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsẹ́yìn, níbi tí Màmá tó bí wa wà, má pa á rẹ́ láìkà á. Látìgbà tí fóònù mi ti já sómi, ibẹ̀ nìkan la ti ń gbúròó ara wa."

Prince, ọmọ kíláàsì Hasanat tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, rẹ́rìn-ín lórí táyà tó jókòó lé. "You wasting time o, Hasanat. Fún ímeèlì náà lófin, jàre! Yóò máa dá iṣẹ́ náà ṣe."

Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ náà "tẹ́tẹ́" bá wà ní àkọlé rẹ̀ yóò gba ibi ìdọ̀tí lọ tààrà. Òfin náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí Prince lọ tán, Hasanat fi ọ̀rọ̀ kan kún un fúnra rẹ̀: "àdúrà".

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ọwọ́ Hasanat dilẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n Ràímì bẹ̀rẹ̀ sí í wá dúró lẹ́yìn àga rẹ̀ lójoojúmọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Wọn ò kọ̀wé, sà."

"Ẹni tí í kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́! Àyà mi ń já. Ṣé kò sí nǹkan o?"

Hasanat fẹ́ jẹ́wọ́, ẹ̀rù bà á. "Bóyá dátà wọn ló tán, sà." Àdúrà lásán ṣáà ni, ó ń sọ fún ara rẹ̀.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, Ràímì lọ kírun. Òjò ṣú dùdù sójú ọ̀run. Lẹ́tà kan wọlé láti Ìsẹ́yìn. Kò sí "àdúrà" ní àkọlé èyí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Màmá ti lọ." Inú rẹ̀ ló ti kà á pé wọ́n ti sin ín láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Hasanat sáré ṣí ibi ìdọ̀tí. Láàárín àwọn àdúrà òwúrọ̀ àti ti alẹ́, ó rí lẹ́tà mọ́kànlá. Àgbà kì í já ọ̀rọ̀ burúkú lu ènìyàn lójijì, àdúrà ni Bàbá Ìsẹ́yìn fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. "Ẹ bá wa ṣe àdúrà fún Màmá." "Àdúrà: Màmá ti wà ní ọsibítù." "Àdúrà: Màmá ń béèrè rẹ, fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́." Ìkọkànlá ní: "Àdúrà nìkan ló kù. Ràímì, kí la fi ṣẹ̀ ọ́?"

Bó bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ó gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Hasanat, ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, wọ́n ń kọ̀wé. Èmi ni mo dí wọn lọ́nà."

Ràímì ka mọ́kànlá náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé àkọlé ti òní. Kò nà án, kò pariwo.

"Ṣé wọ́n ti sin Màmá?"

"Láàárọ̀ yìí, sà."

Ó jókòó lórí táyà, ó fi fìlà bojú. "Màmá lọ, wọ́n sì rò pé mo kọ àwọn sílẹ̀ ni."

Ọmọdé ń gégi nínú igbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdọ̀tí àti lẹ́tà ẹ̀jẹ̀ ẹni, iṣẹ́ tí a bá rán an ló ń jẹ́. Kí ọmọ tí wọ́n bá kìlọ̀ fún má wá ọ̀nà àbùjá, kó má sì fi irọ́ bo àṣìṣe rẹ̀ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà.

Hasanat ti yọ òfin náà kúrò. Gbogbo òwúrọ̀ ló ń ṣí ímeèlì, kó lè ka àdúrà láti orí dé ìdí. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìsẹ́yìn kò fi àdúrà kankan ránṣẹ́ mọ́.