Orin Ẹnu Ààrò

Òórùn búrẹ́dì ti gba gbogbo àgbàlá béékárì náà ní Agége. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ayọ̀mikún, ọjọ́ náà sì ni ìyá rẹ̀ àgbà, Màmá Ojúọlápé, kọ́kọ́ fi ààrò sílẹ̀ fún un. Ogójì búrẹ́dì tí ìdílé wọn máa gbé sórí tábìlì wọn níbi ìkórè ìjọ lọ́jọ́ náà ló wà nínú rẹ̀.

"Mo fẹ́ lọ bá wọn tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe," ni Màmá wí, bó ti ń wọ aṣọ funfun rẹ̀. "O mọ aago wa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni o. Tó o bá ṣe é dáadáa, ìwọ ni màá máa fi ààrò yìí lé lọ́wọ́."

Kò sí aago kankan lára ògiri. Orin ìfẹ́ àtijọ́ kan tó gùn dáadáa ni aago wọn, èyí tí rédíò máa ń kọ nígbà tí Màmá wà lọ́mọge:

"Dúró dè mí, olólùfẹ́,
Ọkọ̀ ojú irin ń fọn fèrè..."

Tí ènìyàn bá kọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, búrẹ́dì ti jinná. Ayọ̀mikún di ojú, ó ń kọrin. Ooru ààrò ń fẹ́ sí i lára, ó sì dà bí ẹni pé òun gan-an ló dúró lẹ́bàá ojú irin, tó ń wo èéfín tó ń bọ̀ lókèèrè.

Ẹ̀rín ló ta á jí. Damaris, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kúulé o, ìyá àgbà! Ọkọ wo lẹ̀ ń dúró dè?"

"Fi mí sílẹ̀ jọ̀ọ́. Mò ń ṣọ́ búrẹ́dì ni."

"Pẹ̀lú orin òkú yìí? Kí àwọn ará kíláàsì wa má gbọ́ o! Jẹ́ ká fi bíìtì sí i."

Ojú ti Ayọ̀mikún. Damaris ń gbá ìdí páànù, àwọn méjèèjì ń kọrin, wọ́n ń jó, wọ́n ń sáré kọjá gbogbo ibi tó yẹ kí wọ́n ti fa ohùn. Ó dùn mọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta pé, Ayọ̀mikún sì fi pátákó gígùn kó búrẹ́dì jáde.

Nígbà tí Màmá fi máa dé, gbogbo búrẹ́dì náà ti rì láàárín. Ó bu ọ̀kan. Inú búrẹ́dì náà ṣì ń fà bí ìyẹ̀fun pípò.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kọ ọ́," ni Ayọ̀mikún wí. "Ṣùgbọ́n mo sáré kọ ọ́. Ojú ló tì mí. Ẹ má bínú."

Màmá rọra jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. "Ibí ni èmi àti Gbénró, bàbá rẹ àgbà, ti pàdé. Gbénró kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ rárá. Orin yìí ló fi bá mi sọ̀rọ̀ ìfẹ́, lẹ́nu ààrò yìí. A wá ṣàkíyèsí pé tó bá fi máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, búrẹ́dì á ti jinná. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti kú, Ayọ̀, ojoojúmọ́ ni mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níbí. Orin ẹni tó ń dúró ni. Báwo lo ṣe wá ń sáré kọ ọ́?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta po ìyẹ̀fun mìíràn, wọ́n dúró kó wú. Ní gbogbo ìgbà yẹn, tábìlì ìdílé wọn ṣófo níwájú ìjọ. Màmá kò fún un ní pátákó mọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní kó kọrin.

Ayọ̀mikún kọ ọ́ jẹ́jẹ́. Nígbà tó dé ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń fọn fèrè nínú orin náà, Damaris nu omijé ojú ara rẹ̀ nù.

"Kọ́ mi níbi tí ohùn ti ń lọ sókè yẹn," ló wí.

Ó yé Ayọ̀mikún wàyí pé ohun rere kì í di òkú nítorí pé ẹlẹ́gbẹ́ ẹni fi í rẹ́rìn-ín. Ìtìjú tirẹ̀ ló ba búrẹ́dì jẹ́, kì í ṣe orin náà. Ó parí ẹ̀ẹ̀kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀kẹta, láìsáré.