Ta Ló Ní Kí O Dán Kọ̀ǹpútà Wa Wò?

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ìdánwò ni mo ń múra fún!"

Àbúrò mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀, bàbá ọlọ́mọ méjì! Èmi ni mo ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn wa. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà kọ páásíwọ́ọ̀dù gbogbo wa pátá. Èèyàn kún orí bẹ́ǹṣì. Ìyá kan gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná dání, nọ́ọ̀sì sì fẹ́ mọ abẹ́rẹ́ tí kò bá ọmọ náà lára mu. Inú kọ̀ǹpútà ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà.

Iṣẹ́ àwọn tí iléeṣẹ́ ń gbà láti wá ibi tí olè lè gbà wọ kọ̀ǹpútà wọn ni àbúrò mi ń kọ́. Ìdánwò rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́fà, àfọwọ́ṣe sì ni. Ó ní àwọn ọmọ òun ń pariwo nílé. Èmi òmùgọ̀ ní kó wá jókòó sẹ́yìn mi níbi iṣẹ́, mo tún fún un ní páásíwọ́ọ̀dù Wáífáì wa.

Bàbá Wáyà, tó ń tún kọ̀ǹpútà wa ṣe, yẹ̀ ẹ́ wò, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹnì kan ti ń méfò páásíwọ́ọ̀dù gbogbo yín. Bó bá ti ṣì í lẹ́ẹ̀márùn-ún, kọ̀ǹpútà á ti ẹni tó ni páásíwọ́ọ̀dù náà mọ́ta."

"Èmi ni, sà," ni àbúrò mi wí. "Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Ta ló fún ẹ láyè?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi kẹ̀? Ṣé orí ẹ pé ṣá? Wáífáì ni mo fún ẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ kọ́ ló ni ibí," Bàbá Wáyà dá a lóhùn. "Nínú ìdánwò yẹn gan-an, wọ́n á sọ kọ̀ǹpútà tí o lè fọwọ́ kàn. Kan òmíràn, o ti fìdí rẹmi nìyẹn. Ra àlòkù méjì, so wọ́n pọ̀ nílé ẹ, kí o máa fọ́ wọn bó ṣe wù ẹ́."

Kó tó ṣí i tán, wákàtí kan ti lọ. Ìyá yẹn ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Dókítà àgbà ní kí n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kí ẹ tó dán an wò. Ẹ̀yin ẹbí wọn, ẹ má fi páásíwọ́ọ̀dù ibi iṣẹ́ ṣe ojú àánú. Ẹni tó bá wọlé onílé láìgbàṣẹ, olè là ń pè é, ì báà jẹ́ ìdánwò ló ń múra fún.