Ìrọ̀rí Eléwé

Ẹ lè pè mí ní wèrè. Ẹ má ṣáà pè mí ní òpùrọ́. Inú ilé mi ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, ojú mi ló sì ṣe.

Ọkọ mi ń gbin ata àti tòmátì sórí ebè lẹ́yìnkùlé wa. Bí wọ́n bá hù tán, àwọn àgbẹ̀ á wá rà wọ́n lọ sóko. Ó máa ń fi ewé gbígbẹ bo ebè kí oòrùn má baà gbẹ ilẹ̀. Lọ́dún yẹn, ewé igi ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀ ọgbà ló gbá bò ó. Koríko kì í hù lábẹ́ igi yẹn. Èmi rò pé ọkọ mi ló mọ ilẹ̀ gbá.

Kò sí ẹyọ kan tó hù. Ó walẹ̀ wò. Àwọn irúgbìn náà wà níbẹ̀, wọn ò jẹrà, wọn ò sì là.

“Àbí wọ́n ń sùn ni?” mo bi í. Kò rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ ọ̀gbìn kan wá wò ó. Ó fi ewé náà símú.

“Igi yìí ni. Oje ewé àti gbòǹgbò rẹ̀ ló ń wọ ilẹ̀. Kì í jẹ́ kí ohun tó bá wà nítòsí rẹ̀ dàgbà.”

“Kí ni wọ́n ṣe fún un?” mo bi í.

“Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pín omi.”

“Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó,” ni ọkọ mi wí. Ó gé igi náà lulẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ní tèmi, mi ò lè fi nǹkan ṣòfò. Aránṣọ ni mí, àkísà pàápàá mi ò kì í dà á nù. Ewé náà ń ta sánsán, ìdun sì ń sá fún un. Mo rán ìrọ̀rí, mo kó ewé náà sínú rẹ̀, mo gbé e fún ọmọbìnrin wa tí bàbá rẹ̀ ń pè ní Ìyá Mi. Mo ti lóyún, mo sì fẹ́ kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá sùn. Mo rò pé mo gbọ́n.

Mo máa ń ká etí aṣọ ọmọdé sínú, kí n lè máa tú u bó bá ṣe ń ga. Ti Ìyá Mi ò nílò títú mọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ga jù ú lọ. Èékánná rẹ̀ ò gùn mọ́. Mo wọ̀n ọ́n, mo tún wọ̀n ọ́n.

Dókítà ní kò sí ohun tó ń ṣe é. A sun ìrọ̀rí náà. Ìyá Mi ò sunkún. Ó kàn padà sórí bẹ́ẹ̀dì wa, ó fẹ̀yìn ti ikùn mi. Òórùn ewé yẹn wà nínú irun rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ.

“Ìyá Mi, lọ sùn ní yàrá rẹ.”

“Ibí ni mo fẹ́.”

“Kò sí àyè mọ́, àbúrò rẹ ń bọ̀.”

Ó fọwọ́ pa mí níkùn, jẹ́jẹ́. “Kò ní gba àyè, Mọ́mì.”

Lánàá ni agbẹ̀bí gbé ọwọ́ lé mi níkùn. Ó tún gbé e.

“Ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa,” ó ní. “Àmọ́ kò tíì tóbi kọjá bí mo ṣe bá a lóṣù tó kọjá.”

Ọkọ mi ní ká gbé Ìyá Mi lọ sọ́dọ̀ ìyá òun kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí. Òótọ́ ló sọ. Ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fẹ́ pè é kí n wọ bàtà fún un. Ìyá Mi wọlé. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

Mo fi bàtà sílẹ̀, mo gbé e mọ́ ikùn mi.