Omi Ṣúgà Tó Korò

Ojú mi ni gbogbo èyí ṣe. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, n kò sì bù mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bí a ṣe ń fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní lọ mọ́ ní oògùn ìrora nínú ilé rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nínú kíláàsì wa ní Ilo-Awela, mo ní kí Mùbárákà, ọ̀kan nínú wọn, dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kó ṣe bí aláìsàn. Mo fún un lórúkọ ẹni tí a máa lọ wò ní Igbesa lẹ́yìn ẹ̀kọ́: Bàbá Adérógbà. Jẹjẹrẹ ti wọ eegun bàbá yìí. Kò rí oorun sùn mọ́. Mọfíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, wà nínú báàgì mi fún un, ṣùgbọ́n Bíọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò gbà. Ó ní tí bàbá òun bá ti fi oògùn yẹn sùn, kò ní jí mọ́.

Hafeez, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, fa omi ṣúgà sínú sìríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́.

"Bàbá, ẹ má bù mí jẹ o."

"Eyín dà, Dókítà?" Mùbárákà dá a lóhùn.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ pe orúkọ wọn ná," mo rán Hafeez létí. "Ẹ rọra dà á sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ dúró kí wọ́n gbé e mì."

"Bàbá Adérógbà."

"Hùn."

Ohùn náà kì í ṣe ti Mùbárákà.

Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ irin tó wà lẹ́yìn wa dákẹ́. Hafeez rọra da omi náà sí i, a sì gbọ́ bí Mùbárákà ṣe gbé e mì. Ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Ó korò," ó ní.

Hafeez tọ́ èyí tó kù nínú ife wò. Ṣúgà ni.

Nígbà tí a dé Igbesa, Bíọ́lá pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.

"Anti Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra. Wọ́n ń sùn."

"Ta ló fún wọn lóògùn?"

"Kò sẹ́ni. Mo jókòó tì wọ́n. Lọ́sàn-án yìí, wọ́n kàn dáhùn bí ẹni tí wọ́n pè. Wọ́n la ẹnu, wọ́n gbé nǹkan mì. Wọ́n ní, 'Ó dùn.' Ni wọ́n bá sùn lọ."

N kò lè wo ojú Hafeez. Mo jókòó, mo ń ṣọ́ bí bàbá ṣe ń mí. Ó ń mí geere.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó lajú. Kò wo ọmọ rẹ̀. Mùbárákà tí kò rí rí ló tẹjú mọ́.

"Ọmọ mi, ṣé ìkorò náà ti kúrò lẹ́nu rẹ?"

"Rárá, bàbá. Ó ṣì wà."

"Pẹ̀lẹ́."

Ìrora náà ti ń padà. Bàbá di ẹní mú. Bíọ́lá rí i, ó sì gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Wọ́n sùn, wọ́n sì jí. Ẹ fún wọn, mà. Ẹ fún wọn."

Mo fa ìwọ̀n kékeré tí a fi ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn gan-an ni lọ́tẹ̀ yìí. N kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo rọra dà á sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Oògùn yẹn korò. N kò tíì rí ẹni tó mu ún tí kò fajú ro. Bàbá kò fajú ro. Ó lá ètè rẹ̀ bí ọmọ tó lá oyin.

Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí Mùbárákà gbé nǹkan mì. Mo bojú wẹ̀yìn: ojú rẹ̀ ti fún pọ̀.